Ìfikún fólítéèjì prósẹ́sọ̀

Ìfikún fólítéèjì prósẹ́sọ̀ jẹ́ iṣẹ́ tí olùmúlò kọ̀ǹpútà orí tábìlì máa ń ṣe nígbà tí ó bá fẹ́ kí prósẹ́sọ̀ rẹ̀ sáré ju bí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ti fi lélẹ̀ lọ. Mímú prósẹ́sọ̀ sáré kọjá ìwọ̀n báyìí ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní overclocking. Fólítéèjì tí à ń sọ níhìn-ín kì í ṣe ti iná tí ó ń wọlé láti ara òpó. Èyí tí ó ń dé inú prósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ ni, tí a mọ̀ sí Vcore, tí kì í sábà ju fólítì kan àti díẹ̀ lọ. Bí a bá fi kún un níwọ̀nba, prósẹ́sọ̀ lè dúró ṣinṣin lórí ìyára tí kò lè dúró lé tẹ́lẹ̀. Bí a bá fi kún un jù, ooru á pọ̀, ọjọ́ ayé prósẹ́sọ̀ á kúrú, ó sì lè jóná pátápátá.

Yorùbá ń pe kọ̀ǹpútà ní ẹ̀rọ ayárabíàṣá, orúkọ tí ó fi hàn pé ìyára ni àwọn tí ó sọ ọ́ lórúkọ kọ́kọ́ rí lára rẹ̀. Ohun tí orúkọ náà kò sọ ni iye tí à ń san fún ìyára ọ̀hún nínú iná àti ooru, èyí sì ni àyọkà yìí dá lé.

Iná òpó àti iná inú prósẹ́sọ̀

Ní Ibereko, ìlú tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní gbogbo Nàìjíríà, fólítì 230 ni ó yẹ kí iná òpó jẹ́, pẹ̀lú ìyípo 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí gílóòbù bá ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí fáànù kò sì lè yí dáadáa, àwọn ará Èkó máa ń sọ pé "half current" ni wọ́n mú wá. Gbólóhùn náà ti di ti gbogbo ènìyàn, kò sì sí ẹni tí yóò gbà á lẹ́nu wọn. Síbẹ̀, fólítéèjì ni ó lọ sílẹ̀ níbẹ̀. Current jẹ́ ohun mìíràn: òun ni ìwọ̀n iná tí ń ṣàn kọjá nínú wáyà, áḿpíà ni a sì fi ń wọ̀n ọ́n, nígbà tí fólítéèjì jẹ́ agbára tí ń tì í kí ó lè ṣàn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé bí iná òpó bá lọ sílẹ̀, fólítéèjì inú prósẹ́sọ̀ náà á lọ sílẹ̀ tẹ̀lé e. Kò rí bẹ́ẹ̀. Páwà páàkì ni ó ń kọ́kọ́ gba iná láti ara ògiri, ó sì ń sọ ọ́ di fólítì 12. Ọ̀pọ̀ páwà páàkì òde òní ni ó lè ṣiṣẹ́ lórí iná tí ó bá wà láàárín fólítì 100 sí 240, tí ohun tí ó ń gbé jáde kò ní yí padà lọ títí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀yà kan lórí mọ́dàbọ́ọ̀dù, tí a ń pè ní VRM, yóò sọ fólítì 12 náà di nǹkan bíi fólítì kan fún prósẹ́sọ̀. Nítorí náà, bí iná ilé bá ń ṣe ségesège, ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó ṣẹlẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà á kú lójijì tàbí kí páwà páàkì bàjẹ́. Vcore ní tirẹ̀ wà lọ́wọ́ VRM àti ohun tí a bá kọ sínú BIOS.

Bí fólítéèjì inú prósẹ́sọ̀ ti kéré tó yìí, current rẹ̀ kò kéré rárá. Áyọ́ọ̀nù tí ó ń jẹ wáàtì 1,000 lórí fólítì 230 kò gbà ju áḿpíà mẹ́rin àti díẹ̀ lọ. Prósẹ́sọ̀ tí ó ń jẹ wáàtì 120 lórí fólítì 1.2 ń gba áḿpíà 100. Gbogbo iná yìí ni ó ń gba inú ohun tí kò tóbi ju èékánná lọ kọjá. Ìdí nìyí tí mọ́dàbọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú, tí VRM rẹ̀ kò lágbára tí kò sì ní irin ìtutù lórí, kò fi yẹ fún iṣẹ́ yìí bí prósẹ́sọ̀ tí ó wà lórí rẹ̀ tilẹ̀ dára.

Ìdí tí ìyára fi ń béèrè fólítéèjì

Inú prósẹ́sọ̀ kún fún ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù tìránsísítọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣínà kékeré tí ń ṣí tí ó sì ń pa. Prósẹ́sọ̀ tí ìyára rẹ̀ jẹ́ 4 GHz ń ta aago inú rẹ̀ ní ìgbà bílíọ̀nù mẹ́rin ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí aago tó tún ta, iná gbọ́dọ̀ ti kún àwọn ìṣínà tí ó kàn tàbí kí ó ti gbẹ nínú wọn. A lè fi tánkì omi tí a gbé lé orí irin lẹ́yìnkùlé ṣe àpèjúwe. Bí tánkì bá ṣe ga tó ni omi rẹ̀ ṣe ń yára kún garawa tó. Bí ẹni tí ń pààrọ̀ garawa bá ń yára sí i, tí tánkì kò sì ga sí i, garawa tí kò kún ni yóò máa gbé lọ. Nínú prósẹ́sọ̀, garawa tí kò kún ni òǹkà tí ó ṣì: kọ̀ǹpútà á dá dúró gbọin, ojú rẹ̀ á di àwọ̀ búlúù, tàbí kí ó ṣe ìṣirò tí kò tọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀. Fífi kún fólítéèjì dà bí gbígbé tánkì ga sí i.

Ohun tí gíga náà ń náni ni ó le. Agbára tí prósẹ́sọ̀ ń jẹ ń pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyára rẹ̀ ti ń pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń pọ̀ gẹ́gẹ́ bí fólítéèjì ní ìlọ́po ara rẹ̀. Ká sọ pé prósẹ́sọ̀ kan ń jẹ wáàtì 100 lórí 4.0 GHz àti fólítì 1.20. Bí a bá gbé e dé 4.4 GHz láìfọwọ́ kan fólítéèjì, á máa jẹ nǹkan bíi wáàtì 110. Bí a bá ní láti gbé fólítéèjì dé 1.35 kí ó tó lè dúró lórí ìyára yẹn, ó di nǹkan bíi wáàtì 139. Ìyára fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé, agbára tí ó ń jẹ sì fi bí ìdá mọ́kàndínlógójì lé. A kò tíì ka iná tí ń jò gba inú tìránsísítọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, tí òun náà ń pọ̀ sí i bí fólítéèjì àti ooru bá ti ń lọ sókè.

Ìtàn ní ṣókí

Prósẹ́sọ̀ 4004 tí Intel gbé jáde ní ọdún 1971 ń lo fólítì 15, ìyára rẹ̀ kò sì tó 1 MHz. Fólítì 5 ni ó wọ́pọ̀ lẹ́yìn náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, Pentium àkọ́kọ́ ti ọdún 1993 sì lò ó. Láti ìgbà náà ni fólítéèjì ti ń lọ sílẹ̀ bí tìránsísítọ̀ ṣe ń kéré sí i.

Ní ọdún 1998 ni Celeron 300A jáde, tí ó sọ overclocking di ohun tí àwọn ọ̀dọ́ lè ṣe nínú yàrá wọn. Ìyára prósẹ́sọ̀ jẹ́ ìsọdipúpọ̀ òǹkà méjì, aago ìpìlẹ̀ àti òǹkà tí a fi ń sọ ọ́ di púpọ̀. Ti Celeron náà jẹ́ 66 MHz lọ́nà 4.5, tí í ṣe 300 MHz. Bí a bá gbé aago ìpìlẹ̀ dé 100 MHz, ó di 450 MHz, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbà á, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìfikún fólítéèjì díẹ̀. Lóde òní, aago ìpìlẹ̀ sábà máa ń dúró sí 100 MHz, òǹkà kejì ni a ń yí.

Robert Dennard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM ti ṣàlàyé ní ọdún 1974 pé bí tìránsísítọ̀ bá kéré sí i, fólítéèjì rẹ̀ lè kéré pẹ̀lú rẹ̀, ooru kò sì ní pọ̀ lójú kan. Òfin yìí gbé iṣẹ́ náà fún bí ọgbọ̀n ọdún kí ó tó já ní àárín ọdún 2000 sí 2010, nítorí pé fólítéèjì kò lè máa lọ sílẹ̀ mọ́ kí iná má jò. Ìyára dúró sójú kan, ooru sì di ògiri. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti rí ògiri náà ṣáájú ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Kúnlé Olúkòtún, ọmọ Nàìjíríà tí a bí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Hydra ní ọdún 1990 sí 2000 dábàá pé dípò kí a máa fi fólítéèjì lé prósẹ́sọ̀ kan ṣoṣo léré, kí a kó ọ̀pọ̀ prósẹ́sọ̀ tí kò sáré jù sórí ègé sílíkónì kan náà. Ilé-iṣẹ́ tí ó dá sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí ń jẹ́ Afara Websystems, orúkọ tí Yorùbá kankan kò nílò kí a túmọ̀ fún òun. Sun Microsystems rà á ní ọdún 2002, láti inú rẹ̀ sì ni UltraSPARC T1 ti jáde ní ọdún 2005, tí ó ní kọ́ọ̀ mẹ́jọ. Ní ọdún 2023 ni wọ́n fún Olúkòtún ní àmì-ẹ̀yẹ Eckert-Mauchly. Ẹni tí ó bá ń fi kún Vcore lónìí ń bá ìṣòro kan náà tí Olúkòtún gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá wọ̀yá ìjà ní tààràtà.

Ewu tí ó wà níbẹ̀

Ooru ni gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, òun sì ni ewu tí ó rọrùn jù láti rí. Ọ̀pọ̀ prósẹ́sọ̀ Intel ti òde òní ní ààlà 100 °C. Ryzen 7000 ti AMD ní 95 °C. Bí ooru bá dé ibẹ̀, prósẹ́sọ̀ á dín ìyára ara rẹ̀ kù láti gba ara rẹ̀ là. Ìpalára tí a kò lè rí ni ó burú jù. Bí current bá pọ̀ nínú okùn irin tín-ín-rín inú prósẹ́sọ̀, tí ooru sì wà níbẹ̀, àwọn átọ̀mù irin náà á máa ṣí díẹ̀díẹ̀ kúrò ní ipò wọn títí okùn yóò fi já tàbí tí yóò fi kan èkejì. Electromigration ni wọ́n ń pè é. Fólítéèjì gíga tún ń jẹ ìpele tín-ín-rín tí ó ya ẹnu ọ̀nà tìránsísítọ̀ sọ́tọ̀. Prósẹ́sọ̀ tí èyí bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kì í kú lọ́jọ́ kan: á kọ́kọ́ máa béèrè fólítéèjì púpọ̀ sí i kí ó tó lè sáré bí ó ti ń sáré tẹ́lẹ̀, olówó rẹ̀ á sì máa fún un, èyí tí ó túbọ̀ ń ba á jẹ́.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kì í ṣìṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, àwọn prósẹ́sọ̀ Ryzen 7000X3D kan jóná lórí mọ́dàbọ́ọ̀dù nítorí fólítéèjì SoC tí ó ga jù, AMD sì fi ààlà fólítì 1.3 sí i. Ní ọdún 2024, Intel jẹ́wọ́ pé àwọn prósẹ́sọ̀ ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá rẹ̀ kan ń bàjẹ́ nítorí pé wọ́n ń béèrè fólítéèjì tí ó pọ̀ jù. Ìtúnṣe tí ó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún náà kò jẹ́ kí prósẹ́sọ̀ béèrè ju fólítì 1.55 lọ, ilé-iṣẹ́ náà sì fi ọdún méjì kún àkókò àtìlẹ́yìn wọn. Àwọn òǹkà méjèèjì yìí jẹ́ ààlà ìdáàbòbò. Wọn kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí olùmúlò máa lépa. Bí prósẹ́sọ̀ kan bá tilẹ̀ gbé ara rẹ̀ dé fólítì 1.45 fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lórí iṣẹ́ fúyẹ́, kò túmọ̀ sí pé ó lè gbé e ní gbogbo ìgbà lórí gbogbo kọ́ọ̀ rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá wúwo.

Èyí tí ó yẹ kí ó ba akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́rù jù, ní èrò òǹkọ̀wé yìí, ni àṣìṣe tí kò pariwo. Kọ̀ǹpútà tí ó kú lójijì ti kìlọ̀ fún olówó rẹ̀. Èyí tí ó ń ṣi ìṣirò ṣe lẹ́ẹ̀kan láàárín wákàtí mẹ́ta lè ba fáìlì iṣẹ́ àṣekágbá jẹ́ kí ó sì tún fi èyí tí ó ti bàjẹ́ pamọ́ lé orí èyí tí ó dára.

Ní etíkun Àgbádárìgì

Àwọn àyẹ̀wò tí à ń kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń wáyé nínú yàrá tí ooru rẹ̀ kò ju bíi 21 °C lọ. Bí kúlà kan bá mú prósẹ́sọ̀ dúró sí 78 °C nínú yàrá bẹ́ẹ̀, nínú yàrá tí ó jẹ́ 32 °C ní Ibereko lọ́sàn-án, tí kò sí ẹ̀rọ amúlétutù, á dúró sí nǹkan bíi 89 °C. Kúlà kò lè mú ohunkóhun tutù ju afẹ́fẹ́ tí ó ń fẹ́ lọ. Nítorí náà, fólítéèjì tí ó bójú mu ní ilẹ̀ òtútù lè má bójú mu níbí. Afẹ́fẹ́ òkun tí ó ní iyọ̀ àti ọ̀rinrin ń mú kí irin dípẹtà, pàápàá àwọn ẹnu ìsopọ̀; ọyẹ́ ní tirẹ̀ ń kó eruku di àárín abẹ irin kúlà. Ó dára kí a tú kúlà wò, kí a nu eruku rẹ̀, kí a sì pààrọ̀ ìpara tí ó wà láàárín rẹ̀ àti prósẹ́sọ̀ kí a tó ronú àtifi kún fólítéèjì rárá.

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí ń dé láti ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́ tàbí Computer Village ní Ìkẹjà jẹ́ tòkunbọ̀ tí wọ́n ti lò ní ọ́fíìsì, irú bíi Dell OptiPlex, HP EliteDesk àti Lenovo ThinkCentre. BIOS irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í fún olùmúlò láyè láti yí fólítéèjì, kò sì sí ọgbọ́n tí a lè dá sí i tí ó tọ́ sí wàhálà rẹ̀. Ní ti Intel, prósẹ́sọ̀ tí orúkọ rẹ̀ parí sí K lórí mọ́dàbọ́ọ̀dù onílẹ́tà Z ni ó wà fún iṣẹ́ yìí. Ní ti AMD, ọ̀pọ̀ jù lọ Ryzen gbà á, bí mọ́dàbọ́ọ̀dù bá jẹ́ ti B tàbí X. A320 àti A520 kò gbà á. Ìwé àtìlẹ́yìn ilé-iṣẹ́ méjèèjì kì í bo ìpalára tí overclocking bá fà.

Bí a ṣe ń ṣe é

Kí a tó yí ohunkóhun, a ó kọ́kọ́ kọ ipò tí ẹ̀rọ wà sílẹ̀: Vcore, ìyára àti ooru nígbà tí ó bá sinmi àti nígbà tí iṣẹ́ bá wúwo. HWiNFO ń fi gbogbo rẹ̀ hàn lọ́fẹ̀ẹ́. A ó kó àwọn fáìlì pàtàkì síbòmíràn. Bí ooru bá ti ń ju 85 °C lọ kí a tó bẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tí fólítéèjì yóò fi kún un ju ìyọnu lọ.

Ìyára ni a kọ́kọ́ ń fi kún, kì í ṣe fólítéèjì. A ó gbé e sókè ní 100 MHz, a ó sì fi OCCT, Cinebench tàbí Prime95 dán an wò fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá dúró, kò sí ìdí láti fọwọ́ kan Vcore. Ìgbà tí ó bá kọ̀ ni a ó fi mílífólítì 10 sí 25 kún un, kí a tún un dán wò. Ẹni tí ó bá fò láti 1.20 sí 1.40 lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ̀ láéláé bóyá 1.26 ì bá ti tó. Ó máa ń dé ibì kan tí 100 MHz kan ṣoṣo yóò máa béèrè mílífólítì 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni prósẹ́sọ̀ ti ń sọ pé ó tó. A ó padà sẹ́yìn ní ìpele kan, a ó sì jẹ́ kí ìdánwò sáré fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Nínú Windows, kí a yẹ ìwé àkọsílẹ̀ Event Viewer wò fún àṣìṣe tí ó bá ń jẹ́ WHEA, nítorí pé ó máa ń yọjú kí ẹ̀rọ tó kú rárá.

BIOS sábà máa ń fúnni ní ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni fólítéèjì tí a kàn mọ́ ojú kan, tí kì í yí padà bí ẹ̀rọ tilẹ̀ ń sinmi. Èkejì, offset, ń fi iye kan kún tàbí yọ iye kan kúrò nínú ohun tí prósẹ́sọ̀ bá béèrè. Ẹ̀kẹta, adaptive, ń fi kún un nígbà tí ìyára bá ga nìkan. Ojú kan rọrùn fún ìdánwò, ṣùgbọ́n fún ìlò ojoojúmọ́, èkejì tàbí ẹ̀kẹta sàn jù. Kí a má sì fi auto sílẹ̀ lórí Vcore nígbà tí a bá ti ń mú un sáré kọjá ìwọ̀n, nítorí pé àwọn mọ́dàbọ́ọ̀dù kan máa ń lawọ́ jù.

Ohun kan tún wà tí ó máa ń da àwọn tuntun láàmú. Bí iṣẹ́ bá wúwo, Vcore máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ohun tí a kọ. Wọ́n dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ètò tí a ń pè ní LLC ń dín ìrẹ̀sílẹ̀ yìí kù. Bí a bá gbé LLC dé òkè pátápátá, ní àkókò tí iṣẹ́ wúwo bá dédé dúró, fólítéèjì á ta sókè kọjá ohun tí a kọ, ní kíákíá tí HWiNFO kò fi ní rí i. Ìpele àárín ni ó bọ́gbọ́n mu.

Yíyọ fólítéèjì kúrò

Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní etíkun yìí, òdìkejì iṣẹ́ náà ni ó lérè jù. Àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń fún prósẹ́sọ̀ ní fólítéèjì tí ó tó fún èyí tí ó lọ́ra jù nínú ìran rẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ lè ṣiṣẹ́ lórí ìyára kan náà bí a bá yọ mílífólítì 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kúrò, pẹ̀lú ìdánwò kan náà tí a ti ṣàlàyé. Ooru á dín kù, fáànù á sì dákẹ́ díẹ̀. Ẹni tí ó ń lo ínfátà ni yóò mọ adùn rẹ̀ jù. Bátìrì fólítì 12 tí ó jẹ́ 100 Ah ní wáàtì-wákàtí 1,200, bí a kò bá sì fẹ́ kí ó tètè bàjẹ́, ìdajì rẹ̀ ni a ó lò. Kọ̀ǹpútà tí ó ń jẹ wáàtì 240 á lò ó fún wákàtí méjì àti ààbọ̀. Bí a bá mú un wá sí 200, ó di wákàtí mẹ́ta, láìka ohun tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ.

Iná tí ń lọ lójijì

Bí iná bá lọ nígbà tí ìdánwò ń lọ, kì í ba prósẹ́sọ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n ó lè ba fáìlì tí ó ṣí sílẹ̀ jẹ́. Bí ètò fólítéèjì tuntun bá mú kí ẹ̀rọ kọ̀ láti tàn, a ó yọ wáyà iná rẹ̀ kúrò, a ó sì nu CMOS nípa ìṣínà tí ó wà lórí mọ́dàbọ́ọ̀dù tàbí nípa yíyọ bátìrì kékeré rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, gbogbo ètò á sì padà sí bí ó ti wà nígbà tí wọ́n rà á. Ibi tí iná tí ó lọ ti lè pa ẹ̀rọ ni ìgbà tí a bá ń fi BIOS tuntun rọ́pò ti àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ dandan láti ṣe é fún prósẹ́sọ̀ Intel àti AMD tí a mẹ́nu bà lókè kí ààlà fólítéèjì wọn tó lè ṣiṣẹ́. Orí UPS tàbí ínfátà tí bátìrì rẹ̀ kún ni kí a ti ṣe é, kì í ṣe orí jẹnẹrétọ̀ tí epo rẹ̀ ti ń lọ sópin.